Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: Bí A Ṣe Lè Tún Ọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́ Ṣe fún Ọmọlanke

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kékeré kan tí a ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, èyíinì ni ọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọ̀kadà láti oko dé ojú títì ti di ohun tí ń jẹ èrè àgbẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn kan nínú wa ṣe ń padà sídìí ọmọlanke. Ọmọlanke onítáyà mọ́tò wúwo lórí ọ̀nà oko. Èyí tí a fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àlòkù ṣe fúyẹ́ jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ó sì ń gun orí gbòǹgbò àti kòtò kéékèèké kọjá láìfi ipá púpọ̀ tì í. Ọgbọ́n tó dára ni, bí a bá mọ ohun tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi. Mo yọ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ méjì, mo lu ihò sára irin ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke, mo ki ọ̀pá àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ ihò, mo sì fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Ó dára lójú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi di àpò àgbàdo kan àti apẹ̀rẹ̀ ata méjì sí i. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ wọ abẹ́ ẹrù, ọmọlanke yí dànù, irin tí a fi ń tì í sì gbá àbúrò mi lójúgun. Oṣù méjì gbáko ni kò fi lè lọ sóko. Àwọn ará ilé ní táyà ni kò dára. Táyà kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo tú ọ́ọ̀bù náà, ọ̀pá àárín rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, mo sì mọ̀ pé èmi tí mo gbé ẹrù kọ́ ọ lápá kan ṣoṣo ni mo jẹ̀bi.

OHUN TÍ Ń BẸ NÍNÚ Ọ́Ọ̀BÙ

Ọ́ọ̀bù ni irin róbótó tó wà ní àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí gbogbo sípóòkù kọ́ mọ́. Ó ní etí méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ara etí wọ̀nyí ni ihò sípóòkù wà. Ọ̀pá àárín gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pá yìí kì í yí, ọ́ọ̀bù ni ó ń yí lórí rẹ̀. Kí irin má baà máa ha irin, bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ wà láàárín wọn. Nínú kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́, àti nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ńláńlá tí ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wá, bọ́ọ̀lù 10 oníwọ̀n 3/16 ínṣì ni ó máa ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ iwájú; ti ẹ̀yìn jẹ́ bọ́ọ̀lù 9 oníwọ̀n 1/4 ínṣì ní apá kọ̀ọ̀kan. Inú ife irin ni wọ́n jókòó sí, kóònù tí a yí mọ́ ọ̀pá àárín ni kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Ọ̀pá ti iwájú kì í sábà ju 5/16 ínṣì lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílímítà 8. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 3/8 ínṣì, èyíinì mílímítà 9.5.

Ẹ ó béèrè pé, báwo ni ọ̀pá tó tínrín tó báyìí ṣe ń gbé àgbàlagbà àti àpò kòkó tó dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́? Ìdí ni pé fọ́ọ̀kì mú un lápá ọ̀tún, ó sì mú un lápá òsì. Ẹ wo ènìyàn méjì tí wọ́n gbé igi lé èjìká, tí ẹrù rọ̀ sáàárín wọn. Wọn a máa sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Kí ẹnì kan ṣoṣo wá di ìdí igi kan náà mú, kí a gbé ẹrù kan náà kọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí ọ̀pá àárín nìyẹn nígbà tí mo fi í kọ́ ara ọmọlanke láìsí irin kankan tó mú un níta.

Ìṣirò díẹ̀ wà níbí, ẹ má sá fún un. Bí irin róbótó bá sanra sí i díẹ̀, agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ a máa fò sókè ju bí ojú ti rò lọ. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ìwọ̀n ìbú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀. 8 × 8 × 8 jẹ́ 512. 9.5 × 9.5 × 9.5 jẹ́ 857. 12 × 12 × 12 jẹ́ 1,728. 15 × 15 × 15 jẹ́ 3,375. Nítorí náà, ọ̀pá mílímítà 12 lágbára ní ìlọ́po méjì ju ọ̀pá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lọ, ọ̀pá mílímítà 15 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Àti pé ojú ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí lé ti jẹ lára ọ̀pá kẹ̀kẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, èyí tó tún dín agbára tirẹ̀ kù. Iṣẹ́ 3,375 ni mo gbé fún 512 ní ọjọ́ ọjọ́sí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń yà ní kọ́nà, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́, ẹrù ara rẹ̀ sì ń bá ojú sípóòkù lọ tààrà. Ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í fì. Bí ó bá ń yà, tàbí bí ọ̀nà bá dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ ni ẹrù ti ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yìí gan-an ni ẹsẹ̀ onísípóòkù kò sì lágbára sí. Bí etí méjèèjì ọ́ọ̀bù bá ti jìnnà síra wọn tó ni ẹsẹ̀ yóò ti lè dúró tó. Nítorí ìdí èyí, ọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni kí ẹ wá, kì í ṣe ti iwájú tí etí rẹ̀ kéré. Ẹsẹ̀ kékeré oní-20 ínṣì tún le ju ẹsẹ̀ gíga oní-28 lọ ní ti ẹ̀gbẹ́, àmọ́ kò mọ kòtò í kọjá bíi rẹ̀.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: Ẹ MÚ UN LÁPÁ MÉJÈÈJÌ

Ọ̀nà yìí ni mo máa ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tó bá bi mí nímọ̀ràn. Kò sí pé a ń gbẹ́ ọ́ọ̀bù. Irin kan ní inú, irin kan ní ìta, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú fọ́ọ̀kì. Irin áńgù ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ jó irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 5 mọ́ ọn níbi tí ọ̀pá àárín yóò jókòó sí, kí ẹ sì la ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ẹ lè máa yọ ẹsẹ̀ nígbà tí táyà bá jò. Ẹ ṣọ́ra kí irin méjèèjì wà ní ọgbọọgba. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ yóò máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó.

Ẹ tú ọ́ọ̀bù kí ẹ tó dè é. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀, ẹ wo ojú kóònù lójú oòrùn. Bí ó bá ní ojú kòtò wẹ́wẹ́ bí ara ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà, ẹ ra òmíràn. Bọ́ọ̀lù tuntun ni kí ẹ fi sí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí àwọn tuntun nìkan ni yóò máa gbé ẹrù. Ẹ fi gíríìsì sí i, ẹ yí kóònù títí ẹsẹ̀ kò fi ní mì sọ́tùn-ún sósì mọ́, kí ó sì tún máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìha. Ó tó.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ó ń fẹ ọmọlanke. Irin ìta á máa fa koríko, á máa gbá ẹ̀gbẹ́ ebè lójú ọ̀nà tóóró. Ẹni tí ọ̀nà oko rẹ̀ há, tàbí ẹni tó fẹ́ máa ti ọmọlanke gba àárín ìsọ̀ ọjà, kò ní gbádùn rẹ̀. Irú wọn ni ọ̀nà kejì wà fún.

Ọ̀NÀ KEJÌ: Ẹ PÀÀRỌ̀ INÚ Ọ́Ọ̀BÙ

Kì í ṣe ọmọlanke nìkan ni ó ń wá ẹsẹ̀ tí a mú lápá kan. Àga oníkẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè fẹsẹ̀ rìn kò lè ní irin níta, nítorí ọwọ́ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni ó ń yí i. Ralf Hotchkiss, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tí jàǹbá alùpùpù sọ di ẹni tí ń lo irú àga bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1966, lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nikarágúà ní 1980, wọ́n sì jùmọ̀ ń ṣe àga tí jórinjórin lè fi irin tó wà lọ́jà ìlú rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àga fún ará ilé rẹ̀ lè fi ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀ yìí kọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti rí.

Ẹ wá ọ́ọ̀bù ẹ̀yìn onírin, èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́. Ẹ ya àwòrán bí sípóòkù ti kọjá lórí ara wọn kí ẹ tó tú wọn, nítorí ọkàn ń gbàgbé. Ẹ yọ fíríwíìlì, ọ̀pá àárín, kóònù àti bọ́ọ̀lù. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́ọ̀bù àtijọ́, ife bọ́ọ̀lù jẹ́ ohun tí a tì bọ inú rẹ̀. Ẹ ki irin ṣóńṣó gba apá kejì, ẹ máa fi òòlù kan etí ife náà yíká díẹ̀díẹ̀, yóò jáde. Ìgbà yìí ni kí ẹ wọn ìbú ihò tó kù, kí ẹ sì wọn ìta ọ́ọ̀bù náà.

Bíárìn olódindi ni yóò rọ́pò ife àti kóònù. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní í, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. 6202 ní ihò mílímítà 15, ìta rẹ̀ jẹ́ 35, ó nípọn tó 11. 6002 ní ihò 15 bákan náà, ìta rẹ̀ 32, ó nípọn tó 9. Bí ọ́ọ̀bù yín bá kéré, 6201 ní ihò 12, ìta rẹ̀ 32, nínípọn 10. 6001 ni ó kéré jù nínú wọn, ihò 12, ìta 28, nínípọn 8. Ẹ mú èyí tó tóbi jù tí irin ara ọ́ọ̀bù tó kù lẹ́yìn gbígbẹ́ kò fi ní tínrín ju mílímítà 3 lọ. Bí ẹ bá rí 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà, rọ́bà ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Òun ni ó yẹ oko tó ní eruku àti ẹrẹ̀. Èyí tó jẹ́ ZZ, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó, omi lè wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ kan wà nínú èyí tí kò ṣe é ṣe nílé, gbígbẹ́ ihò náà ni. Ẹ gbé ọ́ọ̀bù àti bíárìn méjèèjì lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ lééòtì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin róbótó. Ẹ má fi ẹnu sọ ìwọ̀n fún un, bíárìn gan-an ni kí ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí ó gbẹ́ ihò náà jìn tó nínípọn bíárìn, kí ó sì fi àtẹ̀gùn kékeré sílẹ̀ nínú tí bíárìn yóò fara tì. Ihò náà gbọ́dọ̀ há fún bíárìn ní bíńtín, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 mílímítà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ́ọ̀bù ni ó ń yí lábẹ́ ẹrù. Bí òrùka ìta bíárìn bá dẹ̀ nínú ihò rẹ̀, yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò sì máa jẹ irin ọ́ọ̀bù títí yóò fi di gbàgẹ̀dẹ̀. Ti inú lè dẹ̀ díẹ̀ lára ọ̀pá àárín, kò léwu, nítorí nọ́ọ̀tì yóò dè é.

Láti ti bíárìn bọlé, ẹ gbé ọ́ọ̀bù sínú omi tí ń hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ nù ún gbẹ kíá, ẹ gbé bíárìn tútù lé e, kí ẹ fi fáìsì tì í wọlé ní gbọọrọ. Irin tí ẹ ó fi tì í gbọ́dọ̀ gbé lórí òrùka ìta nìkan. Ẹni tó bá fi òòlù lu òrùka inú ti fi bọ́ọ̀lù gún ojú ọ̀nà rẹ̀ ní kòtò, bíárìn tuntun náà yóò sì máa han láti ọjọ́ kìíní. Mo ti ba méjì jẹ́ báyìí kí n tó gbọ́n.

Ẹ má fi ibi tó kàn yìí ṣeré, nítorí òun ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Láàárín bíárìn méjèèjì, ẹ gbọ́dọ̀ fi páìpù kékeré kan sí i tí ọ̀pá àárín yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Òrùka inú nìkan ni ẹnu páìpù yìí yóò máa kàn. Fún 6202, kí ìta rẹ̀ má ju mílímítà 20 lọ. Gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àlàfo tó wà láàárín àtẹ̀gùn méjèèjì dọ́gba, tàbí kí ó fi bí ìdá 1 nínú 10 mílímítà gùn jù ú. Bí ó bá kúrú, bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ ni òrùka inú méjèèjì ń súnmọ́ ara wọn, bọ́ọ̀lù á há, ẹsẹ̀ kò ní yí mọ́. Ẹ ó wá dẹ nọ́ọ̀tì kí ó lè yí, nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ á sì jáde lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ìṣòro náà kò sí lára nọ́ọ̀tì rárá. Ẹ gé páìpù náà gùn díẹ̀, kí ẹ máa fi fáìlì rẹ́ ẹ títí yóò fi bá a mu. Páìpù yìí gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ tó ti bíárìn kejì.

Ọ̀pá àárín tuntun: fún ihò 12, bọ́ọ̀tì mílímítà 12 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí dára, bí ibi dídán rẹ̀ bá gùn dé ibi tí ẹrù wà. Fún ihò 15, ẹ ra bọ́ọ̀tì 16 kí onílééòtì gbẹ́ ẹ sí 15 nígbà tí ọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má lo irin róbótó tí wọ́n fi ń kọ́lé. Wáṣà kékeré tó nípọn ni kí ó wà láàárín bíárìn àti ara ọmọlanke, òrùka inú nìkan ni kí òun náà kàn.

Lára ọmọlanke, irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo kò lè gba ọ̀pá yìí. Ẹ jó páìpù nínípọn tó gùn tó mílímítà 100 mọ́ abẹ́ pákó ọmọlanke, kí ọ̀pá àárín gba inú rẹ̀ kọjá láti ẹnu dé ẹnu, kí nọ́ọ̀tì méjì dè é lápá kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ súnmọ́ ara ọmọlanke tó bí ó bá ti lè súnmọ́ láìha. Bí àárín ẹsẹ̀ bá jìnnà sí ẹnu páìpù ní mílímítà 60, tí ẹ wá fà á súnmọ́ 40, ìdá kan nínú mẹ́ta ìnira ọ̀pá náà ti kúrò láìná kọ́bọ̀. Bí páìpù tí ẹ fẹ́ jó bá jẹ́ páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì họ síńkì náà kúrò, kí jórinjórin sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí èéfín síńkì a máa fa ibà àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ó jó irin kankan nígbà tí bíárìn ti wà nínú ọ́ọ̀bù.

Nítorí pé etí ọ́ọ̀bù kò yí padà, sípóòkù àtijọ́ yóò bá a mu. Èrè tó wà nínú gbígbẹ́ ọ́ọ̀bù ògbólógbòó nìyí, ju kí a fi páìpù gé tuntun lọ. Ẹ tò wọ́n padà bí àwòrán yín, àmọ́ nísinsìnyí tí fíríwíìlì ti kúrò, ẹ fa ríìmù sí agbedeméjì etí méjèèjì gan-an kí sípóòkù ọ̀tún àti tòsì lè le bákan náà. Ẹ fi ọwọ́ ta wọ́n. Ohùn wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn.

OWÓ ẸGBẸ́ ŃKỌ́?

Àwọn kan ti béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá wọn lówó fún irú iṣẹ́ yìí. Èrò tèmi ni pé kí ẹnì kan má dá lọ sọ́dọ̀ onílééòtì. Bí ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún bá kó ọ́ọ̀bù mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, oníwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ tí ó tò fún ọ̀kan ni yóò fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì lè ná an. Bíárìn náà, ẹ rà á pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ rí ọmọlanke kan tó ti ṣiṣẹ́ fún ìkórè kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún àwọn yòókù.

KÍ Ẹ TÓ DI ẸRÙ SÍ I

Ìdajì ẹrù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ yí i, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ di òkè táyà mú kí ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ tún ta sípóòkù wò, nítorí àwọn kan yóò ti dẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láéláé, ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn ni a ṣe é fún. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wò ó láràárọ̀. Bí ìlà náà bá ti ya sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ fún un padà, kí ẹ tó máa lọ.